Ìfẹ́ Orílẹ̀-Èdè àti Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú Ilẹ̀ Òkèèrè ní Ìpìlẹ̀ Orílẹ̀-Èdè Amẹ́ríkà, 1776 sí 1823

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ di "orílẹ̀-èdè". "Orílẹ̀" ni orísun ìdílé, ibi tí àwọn baba ńlá ẹni ti ṣẹ̀ wá, gẹ́gẹ́ bó ṣe hàn nínú oríkì orílẹ̀. "Èdè" ni ohun tí àwọn tó jọ ṣẹ̀ láti orísun kan náà fi ń gbọ́ ara wọn yé. Nítorí náà, bí Yorùbá bá dárúkọ orílẹ̀-èdè, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni àwọn ènìyàn tí orísun àti èdè wọn jẹ́ ọ̀kan. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí lé Amẹ́ríkà ìgbà ìpìlẹ̀, kò ní bá a mu. Nígbà tí ìpínlẹ̀ 13 kéde òmìnira ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1776, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń bá jà gan-an ni orílẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n sì ń sọ. Àwọn ará Jámánì wà láàrin wọn, àwọn ará Họ́láńdì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orísun tiwọn.

Kí ló wá sọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ di orílẹ̀-èdè kan? Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi hàn pé ìbáṣepọ̀ wọn pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, ìyẹn ogun, àdéhùn, òwò àti gbèsè, ni àgbẹ̀dẹ tí wọ́n ti rọ orílẹ̀-èdè náà. Yóò sì fi hàn pé idà tí wọ́n rọ níbẹ̀ jẹ́ olójú méjì: bó ṣe ń dáàbò bo àwọn kan ló ń ṣá àwọn mìíràn lọ́gbẹ́.

Ìjọba Tí Kò Lágbára, 1781 sí 1789

Òfin àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin àwọn ìpínlẹ̀ náà ní 1781 kò fi bẹ́ẹ̀ ju àdéhùn ọ̀rẹ́ lọ. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lè kéde ogun, ó sì lè bá ọba ilẹ̀ òkèèrè ṣe àdéhùn, ṣùgbọ́n kò lágbára láti gba owó-orí, kò sì lè ṣòfin lórí òwò. Kò pẹ́ tí àbùkù èyí fi hàn. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, 1783, Benjamin Franklin, John Adams àti John Jay fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ìlú Paris, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé Amẹ́ríkà ti dòmìnira. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò nínú àwọn odi wọn ní agbègbè àwọn adágún ńlá. Àwíjàre wọn ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà kò tíì san gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ogun. Ní 1784, Sípéènì tó ni ìlú New Orleans ti ẹnu odò Mississippi mọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1785, àwọn ajalèlókun Algiers ní àríwá Áfíríkà gba ọkọ̀ wọn méjì, wọ́n sì kó atukọ̀ 21 lẹ́rú. Ìjọba àpapọ̀ kò ní ọkọ̀ ogun tí yóò fi gbà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò ní owó tí yóò fi rà wọ́n padà.

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. Irú ìyà yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn aṣojú péjọ sí Philadelphia ní 1787 láti kọ ìwé òfin tuntun. Òfin náà fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti gba owó ibodè, láti ṣàkóso òwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, àti láti kó ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi jọ. Ó tún sọ àdéhùn pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè di òfin tí ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ tàpá sí. Nígbà tí George Washington búra gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, 1789, àfojúdi àwọn ará òde ti kọ́ àwọn ará ilé ní ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan.

Ọ̀rẹ́ Àná àti Àǹfààní Òní

Ní 1778, Faransé bá Amẹ́ríkà mulẹ̀. Owó, ohun ìjà àti ọkọ̀ ogun Faransé wà lára ohun tó mú kí wọ́n ṣẹ́gun Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà náà ṣèlérí pé àwọn yóò ran Faransé lọ́wọ́ láti dáàbò bo àwọn erékùṣù rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn òkun Àtìláńtíìkì. Ọjọ́ ìlérí dé ní 1793. Faransé ti yọ ọba rẹ̀ kúrò, ó ti bẹ́ ẹ lórí, ó sì ti wọ ìjà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ náà pín ìjọba Washington sí méjì. Thomas Jefferson, akọ̀wé ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, gbà pé orílẹ̀-èdè ni a bá mulẹ̀, a kò bá ọba nìkan mulẹ̀. Bí ọba tilẹ̀ kú, àdéhùn kò kú. Alexander Hamilton, akọ̀wé ìṣúná, gbà pé ìjọba tí wọ́n bá ṣàdéhùn ti wó lulẹ̀, àti pé owó ibodè lórí ọjà Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé ìjọba Amẹ́ríkà ró. Bí wọ́n bá bá Gẹ̀ẹ́sì jà, àpótí owó yóò gbẹ. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn orílẹ̀-èdè wọn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí ó yẹ kí ìfẹ́ náà ṣe: ṣé kí ó mú ẹ̀jẹ́ ṣẹ ni, àbí kí ó kọ́kọ́ rí i pé orílẹ̀-èdè náà kò kú?

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, 1793, Washington kéde pé Amẹ́ríkà kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Edmond Genet, ikọ̀ tí Faransé rán wá, kò ka ìkéde yìí sí. Ó ń fi ìwé àṣẹ ilẹ̀ Faransé lé àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ láti máa kó ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ kọjá lórí Ààrẹ kí ó bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. Jefferson tó fẹ́ràn Faransé pàápàá kò lè gbè é mọ́. Ìjọba ní kí Faransé pe ikọ̀ rẹ̀ padà. Àlejò kì í ti ẹ̀yìn onílé pàṣẹ nínú ilé.

Gẹ̀ẹ́sì náà kò fi ojú ire wo àìgbè-sẹ́yìn-ẹnìkan yìí. Láti ìparí 1793 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1794, ó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ òwò Amẹ́ríkà tó tó 250. Dípò ogun, Washington rán John Jay, adájọ́ àgbà, lọ sí London. Àdéhùn tó fọwọ́ sí níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, 1794 mú kí Gẹ̀ẹ́sì gbà láti kúrò nínú àwọn odi wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n kò fi òpin sí mímú atukọ̀. Àwọn ará ìlú bínú, wọ́n ṣe ère Jay, wọ́n sì dáná sun ún káàkiri. Ìbò 20 sí 10 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fi gba àdéhùn náà wọlé ní 1795, iye tí òfin béèrè gan-an láìlé kan. Ní ọdún kan náà, Thomas Pinckney bá Sípéènì ṣe àdéhùn tó ṣí odò Mississippi sílẹ̀ fún wọn.

Nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀, tí ìwé ìròyìn gbé jáde ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, 1796, Washington kìlọ̀ pé kí wọ́n yàgò fún ìmùlẹ̀ ayérayé pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè èyíkéyìí. Kò ní kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Ó ní kí wọ́n máa bá gbogbo ayé ṣòwò. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí àwọn kan bá ń pe ara wọn ní ti Faransé tí àwọn mìíràn ń pe ara wọn ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ta ni yóò kù tí yóò jẹ́ ti Amẹ́ríkà? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Nígbà Tí Ìfẹ́ Orílẹ̀-Èdè Di Pàṣán

Inú Faransé kò dùn sí àdéhùn Jay, ó sì ń gba ọkọ̀ Amẹ́ríkà lójú òkun. Nígbà tí Ààrẹ John Adams rán ikọ̀ mẹ́ta lọ sí Paris ní 1797, àwọn aṣojú Talleyrand, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, béèrè rìbá tó tó 250,000 dọ́là kí ó tó lè gbọ́ tẹnu wọn. Ní oṣù Kẹrin, 1798, ìjọba fi ìwé ọ̀rọ̀ náà han gbogbo ènìyàn, lẹ́tà X, Y àti Z ni wọ́n sì fi rọ́pò orúkọ àwọn tó béèrè owó. Ìbínú gba ilẹ̀ kan. Wọ́n dá iléeṣẹ́ ológun ojú omi sílẹ̀, wọ́n sì bá Faransé jà lójú òkun fún ọdún méjì láìkéde ogun.

Láàrin ìbínú yìí ni àwọn aṣòfin ṣe òfin tó sọ ọdún tí àjèjì gbọ́dọ̀ lò kí ó tó di ọmọ orílẹ̀-èdè láti 5 di 14, àti òfin tó sọ ìsọkúsọ sí ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀. Matthew Lyon, aṣòfin kan láti Vermont, lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin nítorí ohun tó kọ nípa Ààrẹ. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi tún dìbò yàn án. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù ọ̀tá òde tètè máa ń di pàṣán lọ́wọ́ aláṣẹ fún àwọn alátakò inú ilé. Adams fúnra rẹ̀ ló yàn láti wá àlàáfíà bí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tilẹ̀ ń fẹ́ ogun. Àdéhùn 1800 parí ìjà náà, ó sì tú ìmùlẹ̀ 1778 ká. Adams fìdí rẹmi nínú ìdìbò ọdún náà.

Louisiana àti Háítì

Jefferson gba ipò ní 1801. Ní àkókò yìí, Napoleon ti gba ilẹ̀ Louisiana padà lọ́wọ́ Sípéènì ní ìkọ̀kọ̀, ó sì fẹ́ fi ilẹ̀ náà bọ́ erékùṣù Saint-Domingue, níbi tí àwọn ẹrú ti ń gbin ìrèké fún Faransé. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú erékùṣù náà ti dìde láti 1791. Láàrin wọn ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó wà, orúkọ tí wọ́n fi ń pe Yorùbá ní ilẹ̀ Benin àti ní Brazil. Títí di òní, Nàgó jẹ́ ọ̀wọ́ kan nínú ẹ̀sìn Vodou ní Háítì, Ògún sì ń gba ìjúbà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Napoleon rán lọ ní 1802 pàdé ogun àti àìsàn ibà apọ́njú, ó sì ṣègbé. Ní oṣù Kẹrin, 1803, Napoleon ta Louisiana fún Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó 828,000 máìlì níbùú-lóòró, ó sì sọ Amẹ́ríkà di ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára owó tí wọ́n fi ra ilẹ̀ náà. Kí ni wọ́n fi san án fún wọn? Nígbà tí Háítì kéde òmìnira ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, 1804, tó di orílẹ̀-èdè olómìnira kejì ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba Jefferson kọ̀ láti dá a mọ̀. Ní 1806, wọ́n fòfin de òwò pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 1862 ni Amẹ́ríkà tó gbà pé Háítì jẹ́ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀rù àwọn olówó ẹrú ní gúúsù ni pé kí àwọn ẹrú tiwọn má lọ gbọ́ ìròyìn náà.

Ta Ni Ọmọ Orílẹ̀-Èdè?

Ìbéèrè yìí le jù lójú òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì nílò atukọ̀ láti bá Napoleon jà. Wọ́n á dá ọkọ̀ Amẹ́ríkà dúró, wọ́n á to àwọn atukọ̀ sórí ìlà, ẹni tí wọ́n bá sì pè ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á mú un lọ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ní ẹni tí a bá bí sábẹ́ ọba, ti ọba ni títí ayé. Òfin Amẹ́ríkà ní ènìyàn lè fi ìlú kan sílẹ̀ kí ó sì di ọmọ ìlú mìíràn. Níwọ̀n bí èdè àti àwọ̀ wọn ti jẹ́ ọ̀kan, ìwé ẹ̀rí nìkan ni atukọ̀ fi lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ ogun kì í sábà gba ìwé náà gbọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n mú lọ báyìí.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, 1807, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Leopard yìnbọn lu ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Chesapeake nítòsí etíkun Virginia. Ènìyàn mẹ́ta kú lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì mú atukọ̀ mẹ́rin lọ. Jefferson kò fẹ́ ogun. Ó gbà pé ilẹ̀ Òyìnbó kò lè ṣe láìsí ọjà Amẹ́ríkà, nítorí náà ó ní kí ọkọ̀ kankan má ṣe kó ọjà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, 1807. Ọjà tí wọ́n ń tà sókè òkun já wálẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù 108 dọ́là ní 1807 sí mílíọ̀nù 22 ní 1808. Ọkọ̀ ń jẹrà ní èbúté, àwọn atukọ̀ kò ríṣẹ́ ṣe, fàyàwọ́ sì gbilẹ̀ ní ààlà Kánádà. Pàṣán tí wọ́n gbé sókè láti fi na àlejò, ara onílé ló bà sí. Wọ́n fagi lé òfin náà ní oṣù Kẹta, 1809.

Ogun 1812

Àwọn ọ̀dọ́ aṣòfin bíi Henry Clay àti John C. Calhoun ní ìtìjú náà ti tó. Wọ́n tún fẹ́ Kánádà, wọ́n sì ń fẹ̀sùn kan Gẹ̀ẹ́sì pé ó ń fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ohun ìjà. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà, 1812, wọ́n kéde ogun. Ìbò 79 sí 49 ni ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, 19 sí 13 ni ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Àwọn ìpínlẹ̀ àríwá-ìlà-oòrùn tí òwò òkun jẹ́ ẹ̀mí wọn kò fẹ́ ogun náà rárá, àwọn gómìnà kan sì kọ̀ láti fi ọmọ ogun wọn sílẹ̀.

Kánádà kò ṣeé gbà. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, 1814, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ Washington, wọ́n sì dáná sun ilé Ààrẹ àti ilé àwọn aṣòfin. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án, odi McHenry ní Baltimore kò ṣubú bí wọ́n ti rọ̀jò ìbọn lé e mọ́jú. Francis Scott Key rí àsíá tó ṣì ń fẹ́ lórí odi náà ní òwúrọ̀, ó sì kọ ewì tó di orin orílẹ̀-èdè wọn lábẹ́ òfin ní 1931.

Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ìlú Ghent ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, 1814. Ààlà padà sí bó ṣe wà ṣáájú ogun, àdéhùn náà kò sì sọ ohunkóhun nípa mímú atukọ̀. Kí ìròyìn náà tó sọdá òkun, Andrew Jackson ti ṣẹ́gun ní New Orleans ní ọjọ́ 8, oṣù Kìíní, 1815. Aṣojú 26 láti àríwá-ìlà-oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìpàdé ní Hartford láti fi ẹ̀hónú hàn nípa ogun náà ni. Ìròyìn àlàáfíà àti ti ìṣẹ́gun bá wọn lójijì, ojú sì tì wọ́n. Ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kò gbérí mọ́. Ogun tí kò mú ilẹ̀ kankan wọlé ló mú kí àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ìjọba aláìlọ́ba lè dúró níwájú ọba.

Láti Ghent Dé Ìkéde Monroe

Ìgboyà yìí hàn nínú ohun tó tẹ̀lé e. Ní 1816, wọ́n dá ilé ìfowópamọ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n sì fi owó ibodè dáàbò bo àwọn iléeṣẹ́ abẹ́lé. Ní 1817, àwọn àti Gẹ̀ẹ́sì jọ dín ọkọ̀ ogun orí àwọn adágún kù. Ní 1818, wọ́n fẹnu kò lórí ààlà pẹ̀lú Kánádà títí dé àwọn òkè Rocky. Ní 1819, Sípéènì fi Florida sílẹ̀ fún wọn.

Ní 1823, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Sípéènì ń ṣàkóso ní gúúsù ti gba òmìnira. George Canning, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé kí àwọn méjèèjì jọ kìlọ̀ fún àwọn ọba ilẹ̀ Òyìnbó yòókù. John Quincy Adams kọ̀. Ó ní kí Amẹ́ríkà dá tirẹ̀ sọ, kí ó má dà bí ọkọ̀ kékeré tí ń tọ ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, Ààrẹ James Monroe kéde pé kí ilẹ̀ Òyìnbó má ṣe wá gba ilẹ̀ tuntun mọ́ ní Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà náà kò sì ní dá sí ìjà wọn lọ́hùn-ún. Lóòótọ́, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló mú kí ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, ọdún 38 péré ló ti kọjá láti ìgbà tí ajalèlókun lè kó wọn lẹ́rú láìsí olùgbèjà.

Èdè Nínú Iṣẹ́ Náà

Àwọn olùkọ́ èdè yóò kíyè sí Noah Webster, tí òun náà jẹ́ olùkọ́. Ní 1783, ọdún àdéhùn Paris, ó gbé ìwé sípẹ́lì jáde fún àwọn ọmọ iléèwé, nítorí ó gbà pé orílẹ̀-èdè tó dá dúró yẹ kó ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀. Òun ló tan sípẹ́lì tí kò ní lẹ́tà u nínú honour kálẹ̀, tó sì yí re ìparí centre sí er. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá rẹ̀ jáde ní 1828. Ohun tí ikọ̀ ń wá ní London ni Webster ń wá nínú kíláàsì: àmì tí a ó fi mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí ará ilé kejì tó ń sọ èdè kan náà.

Àwọn Tí Wọn Kò Kà Mọ́ Ara Wọn

Òfin 1790 fi jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè àjèjì mọ sórí aláwọ̀ funfun tó dòmìnira. Tecumseh, akọni Shawnee tó fẹ́ so àwọn ọmọ onílẹ̀ pọ̀, kú sójú ogun ní 1813. Àwọn Creek sì fi nǹkan bí mílíọ̀nù 23 éékà ilẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tí Jackson gbé ka iwájú wọn ní 1814. Nínú ogun kan náà, ẹrú tó tó 4,000 sá tọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí wọ́n ṣèlérí òmìnira fún wọn. Àwọn kan tẹ̀dó sí Trinidad, àwọn mìíràn sí Nova Scotia. Ìjọba Amẹ́ríkà tó ti bá Gẹ̀ẹ́sì jà nítorí òmìnira atukọ̀ tún wá bá a ṣẹjọ́ lórí àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó ní kí ó san owó wọn. Ọba Rọ́ṣíà dá ẹjọ́ náà fún Amẹ́ríkà ní 1822, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà ní 1826 láti san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 1.2 dọ́là fún àwọn olówó ẹrú.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ló fara hàn nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé orílẹ̀-èdè lè wà láìsí orílẹ̀ kan ṣoṣo, bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá jọ ní ohun tí wọ́n ń dáàbò bò. Èkejì ni pé ìjọba tuntun tí kò lágbára lè yè bí ó bá mọ ìgbà tí ó yẹ kó jà àti ìgbà tí ó yẹ kó fara mọ́ àdéhùn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àdéhùn Jay kò dùn, ṣùgbọ́n ó ra àkókò. Ẹ̀kẹta ni pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ "àwa" ti sọ "àwọn" pẹ̀lú.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti orí atukọ̀ tó dúró sórí ìlà nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní 1807, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn pé: kí ni ọkùnrin yìí lè fi han ọ̀gá ọkọ̀ ogun pé ọmọ Amẹ́ríkà ni òun? Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè irú ìbéèrè kan náà nípa ẹrú tó wa ọkọ̀ kékeré lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì lóru ní 1814. Àwọn méjèèjì jọ wà lórí omi kan, òmìnira kan náà ni wọ́n ń wá. Ọ̀kan ni orílẹ̀-èdè náà tìtorí rẹ̀ jagun. Èkejì ni ó gba owó lé lórí.